Imú Tó Ń Fọwọ́ Síwèé

3.

…bẹ́ẹ̀ ló fi imú kan ẹnu páìpù náà, ó fa atẹ́gùn títí àyà rẹ̀ fi wú bíi bálúùnù, kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Ó tún fà á.

Òfo.

Ó bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sínú ìwé: KÒ SÍ ÒÓRÙN.

Irọ́ kọ́ nìyẹn o. Kò sí òórùn lóòótọ́. Láti oṣù méje sẹ́yìn, kò sí òórùn níbì kankan láyé yìí mọ́. Kò sí lára páìpù, kò sí nínú ìkòkò ọbẹ̀, kò sí nínú bàtà rẹ̀ fúnra rẹ̀, bàtà tó jẹ́ pé tó bá bọ́ ọ tẹ́lẹ̀, ológbò á jáde nílé.


4.

Ẹni tí à ń sọ:

Ọkùnrin ni. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Òun ló ń tọ́jú gbogbo iná gáàsì nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ìgò oògùn, àwọn ìgò tín-ín-rín tí dókítà máa ń ṣẹ́ lọ́rùn kó tó fi abẹ́rẹ́ fa oògùn inú ẹ̀.

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú fáìlì. Fáìlì náà ti sọnù. Onímú ni gbogbo èèyàn ń pè é, látorí Mánéjà dórí ẹni tó ń ṣí géètì.

Bó ṣe gba orúkọ náà: ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ó wọ géètì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró gbagidi, ó ní, "Gáàsì ń jò." Wọ́n ní níbo? Kò dá wọn lóhùn. Ó tẹ̀ lé imú rẹ̀ bí ọdẹ ṣe ń tẹ̀ lé ajá. Ó la ilẹ̀kùn mẹ́ta kọjá, ó dé ẹ̀yìn bọ́ílà, ó na ìka kan ṣoṣo. Ihò náà ò tó ojú abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ tó yẹ kó han gooro bí gáàsì bá ń jò wà lára ògiri níbẹ̀, ó ń wò wọ́n bí ọ̀dẹ̀.

Nígbà tí bátìrì ẹ̀rọ yẹn kú, wọn ò ra òmíràn.

"Kí la fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe?" Mánéjà ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ṣebí a ní Onímú."


5.

(Inú gíláàsì ló wà, lára ògiri ọ́fíìsì.)

ÌWÉ ÌYÌN
A fi ìwé yìí yẹ́ IMÚ sí
fún iṣẹ́ takuntakun tó ti ń ṣe láìgba ìsinmi.
Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kó dí.


6.

BỌ́NÀ TÓ WÀ LÁBẸ́ ÀKÓSO RẸ̀
(bọ́nà ni ẹnu tí gáàsì ń gbà jáde tó fi ń di iná)

Bọ́ílà: ọ̀kan, ńlá. Ó ń bú ramúramù bí ìyá ọkọ tí wọn ò kí. Òun ló ń se omi tó ń mú gbogbo ilé gbóná.

Tábìlì ìdígò: ọgbọ̀n. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, iná kọ̀ọ̀kan ò ju èékánná lọ. Àwọn obìnrin á na ọrùn ìgò sí i, ọrùn á rọ̀ bí ìda, wọ́n á fi ẹ̀mú fà á, ó dí. Wọn kì í wo iná. Ọ̀rọ̀ ọkọ wọn ni wọ́n máa ń sọ.

Yàrá ìpààrọ̀ aṣọ: ọ̀kan, nítorí òtútù. A kọ ọ́ sára ògiri pé Ẹ MÁ SÁ ÌBỌ̀SẸ̀ SÓRÍ INÁ. Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló wà lórí ẹ̀ báyìí.

Láàbù, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìgò wò: mẹ́rin. Orí ẹsẹ̀ irin ni wọ́n dúró sí. Rọ́bà ló ń gbé gáàsì wá fún wọn láti abẹ́ tábìlì. Òrùka oníhò kan wà nísàlẹ̀ ọrùn wọn. Dí ihò: iná á pọ́n, á máa mì lẹ́ńgẹ́lẹ́ńgẹ́ bí ọmọge tó ń lọ sóde. Ṣí ihò: iná á di búlúù, á máa kùn. Èyí tó pọ́n, fújà lásán ni. Èyí tó jẹ́ búlúù ló ń ṣiṣẹ́. Bí oòrùn bá sì wọlé láti fèrèsé, ẹ ò tiẹ̀ ní rí i mọ́. Ọwọ́ yín ló máa sọ fún yín.


7.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: gáàsì fúnra rẹ̀ ò ní òórùn. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ yẹn, wọ́n fi kún un ni. Wọ́n so agogo mọ́ olè lọ́rùn kó tó wọlé.

Ó wá ku ẹni tó máa gbọ́ agogo.


8.

Bí imú ṣe lọ:

Ọ̀fìnkìn ni. Ọ̀fìnkìn lásán. Ọjọ́ mẹ́fà. Ní ọjọ́ keje, ọ̀fìnkìn kó ẹrù rẹ̀, ó lọ, ó sì gbé òórùn lọ, bí ayálégbé tó ń kó jáde tó tún tú gílóòbù onílé mọ́ ẹrù.

Dókítà ní ó lè padà. Ó tún ní ó lè má padà. Dókítà nìyẹn.

"Ṣé ẹ ti sọ fún wọn níbi iṣẹ́?"

"Gbogbo wọn ló mọ̀," Onímú dáhùn. Ohùn rẹ̀ ò tiẹ̀ gbọ̀n.


9.

ỌGBỌ́N TÍ ẸNI TÍ KÒ NÍ IMÚ FI Ń ṢE IṢẸ́ IMÚ

Ọṣẹ. Po ọṣẹ mọ́ omi, fi búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n kùn ún sára páìpù. Bó bá hó, ó ń jò. Ọgbọ́n yìí dáa. Kò sí ẹ̀tàn nínú ẹ̀. Gbogbo ayé ló ń ṣe é. Àmọ́ Onímú ò lè ṣe é lójú èèyàn: ta ló rí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé tó ń fi igi rìn? Inú àpò aṣọ iṣẹ́ ló máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì náà pamọ́ sí. Ó máa ń ti ilẹ̀kùn kó tó yọ ọ́, bí ẹni tó fẹ́ jí ẹran nínú ìkòkò.

Ojú èèyàn. Bí o bá ti rí i tí wọ́n ń fún imú pọ̀, tètè pariwo ṣáájú wọn.

Afọ̀gò. Òun ni ọmọbìnrin tó ń fọ ìgò ní láàbù. Ó máa ń débẹ̀ ṣáájú gbogbo èèyàn. Bi í pé, "Báwo ni inú ibẹ̀ lónìí?" Bó bá ní, "Ó dáa, Bàbá," wọlé, gbé imú sókè, fọwọ́ síwèé.

Oṣù méje ló fi yá imú ọmọ yẹn lò. Ọmọ yẹn ò mọ̀ pé òun ń yá a.


10.

(Orí fóònù. Òun àti ìyàwó rẹ̀.)

ÌYÀWÓ: Bàbá wọn, ṣé ẹ ti jẹ ìrẹsì tí mo dì fún yín?
ONÍMÚ: Mo ti jẹ ẹ́. Ó dùn dé egungun.
ÌYÀWÓ: Ó jóná. Mo gbàgbé ẹ̀ sórí iná. Ó jóná débi pé ajá aládùúgbò fọwọ́ tì í, ó lọ jókòó sí òdìkejì títì.
ONÍMÚ: Jíjóná yẹn ló mú un dùn.
ÌYÀWÓ: Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé mi níyàwó, ẹ ò yin oúnjẹ mi rí. Láàárín oṣù méje, ẹ ti yìn ín lẹ́ẹ̀mẹrìnlá. Mo ń kà á.
ONÍMÚ: Iṣẹ́ pọ̀ níwájú mi.
ÌYÀWÓ: Nínú kí ẹ ní obìnrin níta àti kí ẹ máa kú lọ, èwo ni?


11.

Ó sàn kó rò pé obìnrin ni.


12.

(Nọ́ńbà yìí ò jáde. Ojú ń tì í.)


13.

ÌKÌLỌ̀
BÍ ẸNIKẸ́NI BÁ GBÓÒÓRÙN GÁÀSÌ:
KÓ MÁ ṢÁ ÌṢÁNÁ.
KÓ ṢÍ FÈRÈSÉ.
KÓ PE ONÍMÚ.
OHUN TÍ ONÍMÚ BÁ SỌ LABẸ́ GÉ.

(Ẹnì kan ti fi bírò ya imú sísàlẹ̀. Imú náà wọ táì.)


14.

BÓ ṢE ṢẸLẸ̀
Láàbù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láàárọ̀, aago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú.
Àwọn tó wà níbẹ̀: Onímú. Afọ̀gò. Ọ̀gá Láàbù, obìnrin tó ń darí ibẹ̀. Àlejò méjì láti ilé ìwòsàn kan tó fẹ́ máa ra ìgò.

AFỌ̀GÒ: Ẹ káàárọ̀, Bàbá.
ONÍMÚ: Káàárọ̀, ọmọ mi. Báwo ni inú ibẹ̀ lónìí?
AFỌ̀GÒ: Bàbá, mo ń gbóòórùn gáàsì o. Lọ́dọ̀ bọ́nà kejì yẹn.

(Onímú ki ọwọ́ bọ àpò. Búrọ́ọ̀ṣì ò sí níbẹ̀. Inú aṣọ iṣẹ́ kejì ló wà. Aṣọ iṣẹ́ kejì wà lórí okùn nílé, ó ń gbẹ.)

Ọ̀GÁ LÁÀBÙ: Áà, ẹ̀yin àlejò wa, orí yín bá a! Ẹ wá wòran. Onímú wa tí mò ń ròyìn fún yín rèé.
ÀLEJÒ KÌÍNÍ: Ṣé òun nìyí? Imú náà ò tiẹ̀ tóbi.
Ọ̀GÁ LÁÀBÙ: Ẹ má wo títóbi. Onímú, ẹ bá wa ṣe é kí wọ́n rí i.
AFỌ̀GÒ: Ibí yìí ni, Bàbá.

(Onímú gbé imú sókè. Ó di ojú. Ó ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ara rẹ̀, nítorí pé iye tó máa ń kà nígbà tí imú wà láàyè nìyẹn.)

ONÍMÚ: Kò sí nǹkan.
AFỌ̀GÒ: Bàbá, mo gbọ́ ọ o.
ONÍMÚ: Ọṣẹ tí o fi ń fọ ìgò ni. Ọwọ́ ara ẹ lò ń gbóòórùn.
ÀLEJÒ KEJÌ: Hà! Ọwọ́ ara ẹ̀!
Ọ̀GÁ LÁÀBÙ: Àbí ìwọ náà fẹ́ joyè ni? Onímú Kékeré!

(Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Afọ̀gò náà rẹ́rìn-ín.)


15.

Lẹ́yìn tí wọ́n yíjú, Afọ̀gò gbé ọwọ́ sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀. Ọwọ́ náà ń ta sánsán ọṣẹ. Ó mi orí díẹ̀, bí ẹni pé, "Bóyá ni."

Onímú rí i.


16.

Ọjọ́: Ìṣẹ́gun
Àkókò: 7:41
Ibi: Láàbù
Òórùn: KÒ SÍ
Ẹni tó fọwọ́ sí i: Onímú


17.

Ẹ̀yin tó ń bi mí pé kí ló dé tí ò fi lọ wá ọṣẹ níbòmíì. Ọṣẹ wà ní láàbù. Ọṣẹ kún láàbù. Ọṣẹ wà lọ́wọ́ Afọ̀gò gan-an, ó ń kán sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn àlejò ń wò ó.

Nítorí àlejò méjì tí ò tún ní fojú kàn mọ́ láyé.


18.

7:55.

Rọ́bà bọ́nà kejì ti sán lábẹ́ tábìlì, níbi tí ojú ò tó. Afọ̀gò fẹ́ se omi tí yóò fi ṣan ìgò. Ó ṣáná.

Iná ò gbabi tí wọ́n ní kó gbà. Ó rìn padà lórí rọ́bà, ó wọ abẹ́ tábìlì lọ, ó fò sókè, ó di ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà mú láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Ó gba ojú rẹ̀ kọjá. Irun ojú méjèèjì lọ.

Iná ò jẹ̀bi. Wọ́n pè é, ó wá.

Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni Onímú wà sí i. Kó tó ronú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbé e dé ìdí páìpù àgbà, ọwọ́ rẹ̀ ti ti gáàsì pa. Iná gbogbo ilé kú lẹ́ẹ̀kan náà: bọ́ílà, ọgbọ̀n iná ìdígò, iná oníbọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ilé dákẹ́.

Ìgbà yẹn ló tó gbọ́ igbe.


19.

(Orí fóònù. Àtẹ̀jíṣẹ́ gbogbo òṣìṣẹ́.)

ẸNI GÉÈTÌ: Ẹ bá wa kí Onímú o. Òun ló sáré ti gáàsì pa.
OBÌNRIN TÁBÌLÌ ÌDÍGÒ: Bí kì í bá ṣe Baba yìí ni, gbogbo wa ìbá ti di ẹran sísun.
ẸNI GÉÈTÌ: Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò fara balẹ̀. Ṣíṣí ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ títì.
OBÌNRIN TÁBÌLÌ ÌDÍGÒ: Ọlọ́run á túbọ̀ ṣí imú yín, Bàbá.
ONÍMÚ ń kọ̀wé…
ONÍMÚ ń kọ̀wé…
ONÍMÚ ń kọ̀wé…
ONÍMÚ: 🙏


20.

LÁTI Ọ́FÍÌSÌ MÁNÉJÀ
SÍ: Afọ̀gò

Ìwé wa fi hàn pé nígbà tó di 7:41, kò sí gáàsì kankan ní láàbù. Nígbà tó di 7:55, iná sọ. Ìwọ nìkan lo fọwọ́ kan bọ́nà kejì láàárín àsìkò yẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìwọ lo ṣí gáàsì sílẹ̀ tí o ò ṣáná lásìkò.

Kọ ìdí tí a ò fi gbọ́dọ̀ lé ọ níṣẹ́. A óò jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Ẹlẹ́rìí wa: Onímú.

(Rọ́bà tó lè jẹ́rìí náà ti jóná kú.)


21.

Onímú kà á lójú pátákó ìkéde. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Wọn ò purọ́ mọ́ ọmọ náà. Wọ́n ka ìwé ni. Òun ló kọ ìwé.


22.

ÈSÌ AFỌ̀GÒ
(Ọ̀gá Láàbù ló bá a kọ ọ́, nítorí pé ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé ló jóná.)

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo gbóòórùn kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo sọ. Bàbá ní kò sí. Mi ò sọ pé Bàbá purọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé e bẹ́ẹ̀. Bàbá kì í ṣìṣe. Mo ti rò ó títí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó lè jẹ́ pé èmi ni mo ṣí i lóòótọ́ tí mi ò rántí. Ó ti wá ń dà bí ẹni pé mo rí ọwọ́ mi tó ń ṣí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Èmi àti ìyá mi la jọ ń gbé, èmi nìkan ni mò ń jáde lọ síbi iṣẹ́.

(Àtàǹpàkò òsì.)

~~Èmi Ọ̀gá Láàbù náà rò pé mo gbọ́ òórùn díẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Ṣùgbọ́n ta ni mí níwájú Onímú?~~


23.

ÌWÉ TÍ ONÍMÚ KỌ SÍ MÁNÉJÀ

Àkọ́kọ́:
Ọ̀gá, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé imú mi
(Ó ya á.)

Ìkejì:
Ọ̀gá, ẹ̀rọ tó wà lára ògiri yẹn ò ní bátìrì láti ọdún gbọọrọ, ta ló yẹ kó
(Ó ya á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ tó ń na ìka sí ẹlòmíì ni.)

Ìkẹta:
Ọ̀gá, ní ti ọmọbìnrin yẹn, ọmọ dáadáa ni. Kò sẹ́ni tí kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ jẹ́ ká fi ti ọmọdé ṣe, ká dárí jì í.
(Èyí dùn. Ó kà á sókè. Omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló rí i pé òun fẹ́ bá a tọrọ àforíjì lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí òun fúnra òun dá. Ó ya èyí náà, ó ya á wẹ́wẹ́, bí ẹni ń já ewé.)

Ìkẹrin: wo nọ́ńbà 26.


24.

Ọjọ́bọ̀. Ó ti ibi iṣẹ́ dé. Oòrùn ò tíì wọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ kan síwájú rẹ̀ lórí tábìlì, abọ́ onídèérí.

ÌYÀWÓ: Ẹ má tíì ṣí i. Ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀. Kí ni mo sè?
ONÍMÚ: (ó tẹ orí ba, ó ka ení, èjì, ẹ̀ta) Ẹran ni.
ÌYÀWÓ: Ẹran kí ni?
ONÍMÚ: Ẹran… ẹran tó rọ̀.
ÌYÀWÓ: Ṣé ó ń ta sánsán?
ONÍMÚ: Itọ́ ti kún mi lẹ́nu.

(Ìyàwó ṣí abọ́. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ni. Èyí tó ti wọ̀ láti ọjọ́ Ajé.)

Ẹ rẹ́rìn-ín tó bá ń pa yín. Ó pa ìyàwó náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín yẹn kàn dúró, bí mọ́tò tí epo tán nínú ẹ̀.

ÌYÀWÓ: Láti ìgbà wo?
ONÍMÚ: Ìgbà ọ̀fìnkìn yẹn.
ÌYÀWÓ: Oṣù méje.
ONÍMÚ: Mm.
ÌYÀWÓ: Èmi ti lọ ń ṣọ́ obìnrin kiri títì. Mo tiẹ̀ ti bá ìyá kan jà.
ONÍMÚ: Ta ni?
ÌYÀWÓ: Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ọmọ tó jóná yẹn ńkọ́?

(Onímú ń wo ìbọ̀sẹ̀.)

ÌYÀWÓ: Bàbá wọn. Ó ní òun gbóòórùn, àbí kò sọ?
ONÍMÚ: Ó sọ.
ÌYÀWÓ: Ẹ ò sì gbọ́ nǹkan kan.
ONÍMÚ: Mi ò gbọ́ nǹkan kan.
ÌYÀWÓ: Ẹ wá ní kí ni?

(Ó bo abọ́ padà.)

ONÍMÚ: Ìyá wọn, Onímú ni mí. Bí wọ́n bá yọ imú kúrò, kí ló kù?
ÌYÀWÓ: Èmi ò mọ ohun tó kù. Kí ẹ yọ ọ́ ká lè rí i.


25.

Ohun tí wọ́n máa sọ bó bá jẹ́wọ́ (ó tò ó lọ́kàn bó ṣe ń rìn lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì):

Ẹni géètì: "Oṣù méje! A sì ń sùn nínú ilé yìí!"
Àwọn obìnrin ìdígò: wọn ò ní sọ nǹkan kan. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ọkọ sílẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Òun ni wọ́n á máa sọ.
Mánéjà: á yọ ìwé inú gíláàsì lára ògiri. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ á mọ́ ju ibi tó kù lọ.
Ẹni tó ń kọjá lọ: "Ṣé òun nìyí?"

Ohun tí wọ́n máa sọ bí kò bá jẹ́wọ́:

"Ẹ kú iṣẹ́, Onímú."

Èyí ló burú jù nínú gbogbo ẹ̀.


26.

Ọ̀gá, mi ò gbóòórùn mọ́ láti oṣù méje. Ọmọ yẹn sọ òótọ́. Èmi ni.

(Ó ká a sí mẹ́rin. Ó wà nínú àpò àyà. Kò tíì fọwọ́ sí i. Ẹni tó ti fọwọ́ sí ẹgbẹ̀rún ìwé.)


27.

Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Iwájú ọ́fíìsì Mánéjà. Bẹ́ǹṣì kan, ilẹ̀kùn kan.

Afọ̀gò ti jókòó. Báńdéèjì funfun láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Ojú rẹ̀ láìsí irun ojú dà bí ti ẹni tí nǹkan ń yà lẹ́nu láìdáwọ́ dúró.

Ó rí Onímú, ó fẹ́ dìde kúnlẹ̀. Ọwọ́ ò jẹ́ kó rọrùn. Onímú ní kó jókòó, kó jókòó, ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Ọmọ náà sún láti fún un láyè. Lẹ́yìn náà ó tún sún, ó sún títí ó fi dé etí bẹ́ǹṣì.

AFỌ̀GÒ: Ẹ má bínú, Bàbá.
ONÍMÚ: Kí lo ṣe tí mo fẹ́ bínú sí?
AFỌ̀GÒ: Ọwọ́ mi. Ó ti ń rùn láti àná. Èmi tí mo ni ín gan-an ò lè fara dà á. Mo mọ̀ pé imú yín á máa jìyà, ni mo ṣe sún. Gbogbo ọkọ̀ tí mo wọ̀ wá, ńṣe ni wọ́n ń ṣí fèrèsé.

(Onímú fi ọwọ́ kan àpò àyà. Ìwé náà wà níbẹ̀.)

ONÍMÚ: Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo…
AFỌ̀GÒ: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀ yín sí nǹkan kan kí wọ́n tó pè wá.
ONÍMÚ: Kí ni?
AFỌ̀GÒ: Dókítà ní ọjọ́ Ajé ni kí n padà wá. Ìyá mi ní irọ́ ni, ó ní ọgbẹ́ náà ti ń kẹ̀, kí n lọ lónìí. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí Bàbá. Imú yín ló lè sọ ọ́. Bí ẹ bá ní ó ń kẹ̀, màá kúrò níbí báyìí, kí wọ́n máa dá ẹjọ́ wọn lọ. Bí ẹ bá ní nǹkan kan ò ṣe é, a jẹ́ pé imú tèmi ló tún ń ṣì mí lọ́nà, bíi ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Kò sí ẹ̀gún nínú ohùn rẹ̀. Onímú wá a, kò rí i. Ọmọ náà gbà á gbọ́ ni. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Ó na ọwọ́ náà sí i, bí abiyamọ tó gbé ọmọ fún àgbà pé kí wọ́n bá òun wo ara ẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Akọ̀wé Mánéjà yọ orí.

AKỌ̀WÉ: Wọ́n ti jókòó o. Ta ló máa kọ́kọ́ wọlé nínú yín?
AFỌ̀GÒ: Ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú kan, ẹ jọ̀ọ́, àǹtí. Bàbá ń bá mi wò ó.

Onímú gba ọwọ́ náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbà á, lókè báńdéèjì, níbi tí ara ti ṣẹ́ kù.

Ara náà gbóná. Ó gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, bí ara tí ọgbẹ́ rẹ̀ ń kẹ̀.

Ìyẹn, ó mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó ní láti yá a ní ìyẹn.

AKỌ̀WÉ: Ìṣẹ́jú kan tí ẹ tọrọ ti pé o.
AFỌ̀GÒ: Bàbá?

Ó la ẹnu.